Iṣẹ́ ìṣirò ló kù nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù: kí ló kan ọmọ ilẹ̀ Òkun níbẹ̀?

Ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, ní ilẹ̀ Yàgbà tó jẹ́ ara ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń walẹ̀ fún òkúta dúdú kan tó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Tantalite ni orúkọ rẹ̀. Irin méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀, tantalum àti niobium, àwọn méjèèjì sì wà lára irin tí àwọn ilé ìwádìí fi ń ṣe ọkàn kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Princeton fi hàn pé kúbíìtì, ìyẹn ẹyọ tí kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù fi ń ṣírò, tí wọ́n fi tantalum ṣe máa ń pẹ́ gan-an kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó bàjẹ́. Bóyá èérún òkúta Yàgbà wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbì kan, ẹni tó ta òkúta ní àpò-àpò kò lè mọ̀.

Irin kọ́ ló wọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí, owó náà kọ́. Ohun tó wọ́n ni ìṣirò: àwọn ìbéèrè tí ẹ̀rọ kò lè bá ara rẹ̀ dáhùn, tó jẹ́ pé ènìyàn ló máa jókòó ti bébà àti bírò kó tó rí i yanjú. Níbẹ̀ ni mo rò pé ọmọ wa lè bá wọn jókòó, ìbáà jẹ́ Kàbà ló ti wá tàbí Mọ̀pà, Ìyàrà tàbí Lọ́kọ́ja, láì dúró de ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sí Kogí.

Ọ̀rọ̀ náà ti gbòde lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2025 sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ kúáńtọ̀mù, orílẹ̀-èdè Gánà tó wà nítòsí wa níhìn-ín ló sì gbé àbá náà síwájú wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, John Clarke, Michel Devoret àti John Martinis gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, èyí tó fi hàn pé wáyà àti irin tí ojú ń rí lè máa hùwà bí ohun kín-ín-kín tí ojú kò lè rí. Orí iṣẹ́ wọn ni púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù òní dúró lé.

Kí n tó lọ jìnnà: ẹ̀rọ tí àwọn oníṣòwò oògùn ń gbé kiri, tí wọ́n á ní kí o di irin kan mú, tí yóò sì sọ pé kíndìnrín rẹ ń ṣàárẹ̀, tí wọ́n kọ "quantum" sí lára, kò bá ohun tí à ń sọ tan rárá. Ẹ pa owó yín mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀

Fóònù ọwọ́ wa ń fi bíìtì ṣiṣẹ́, bíìtì kan sì jẹ́ 0 tàbí 1. Kúbíìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló ń gbé, ọ̀kan fún 0, ọ̀kan fún 1, wọ́n sì lè ní àmì ìyọkúrò níwájú. Bí o bá yẹ kúbíìtì náà wò, 0 tàbí 1 péré ni yóò fi hàn ọ́. Bí nọ́ńbà tó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe tóbi tó ni yóò pinnu èyí tó ṣeé ṣe jù kí o rí. Kúbíìtì méjì ń gbé nọ́ńbà mẹ́rin, mẹ́ta ń gbé mẹ́jọ. Nígbà tí kúbíìtì bá di 50, nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé á ti lé ní 1,125,000,000,000,000. Gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe kò sì ju pé ó ń fi mátíríìsì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n tò ní ìbú àti òòró, yí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí padà.

Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti máa sọ pé ó ń dán gbogbo ìdáhùn wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ó ń ṣini lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni, ìgbà tí o bá yẹ ẹ́ wò, ìdáhùn kan ṣáá ni yóò jù sí ọ lọ́wọ́, èyí tó o rí kò sì ní sàn ju kí o ṣẹ́ kèké lọ. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí a to àwọn mátíríìsì náà lọ́nà tí nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò yóò fi máa pa èyí tí kò ní in rẹ́ níbi tí ìdáhùn kò ti tọ̀nà, kí wọ́n sì máa ro ara wọn pọ̀ níbi tó ti tọ̀nà. Ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ ni ẹ̀dá tíì mọ bí a ṣe ń tò ó báyìí fún. Wíwá òmíràn jẹ́ iṣẹ́ onímọ̀ ìṣirò, kò sì tíì tán.

Èyí tó lókìkí jù ni ti Peter Shor, ọdún 1994. Ọmọ SS1 tó ti kọ́ modular arithmetic ní kíláàsì lè tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe é níhìn-ín. A fẹ́ mọ nọ́ńbà méjì tí wọ́n sọ di púpọ̀ tó fi di 15. Mú 7. Máa fi 7 sọ ọ́ di púpọ̀ lọ, kí o sì máa fi 15 pín in, kí o mú ohun tó ṣẹ́kù. 7 fúnra rẹ̀ ṣẹ́kù 7. 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49. Fi 15 pín in, ó ṣẹ́kù 4. 4 lọ́nà 7 jẹ́ 28, ó ṣẹ́kù 13. 13 lọ́nà 7 jẹ́ 91, ó ṣẹ́kù 1. Bí o bá ń bá a lọ, á tún padà sí 7, 4, 13, 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló fi ń yí po. Mú ìdajì mẹ́rin, ìyẹn méjì. Sọ 7 méjì di púpọ̀, ìyẹn 7 lọ́nà 7, ó jẹ́ 49. Yọ 1 kúrò, ó di 48. Ro 1 mọ́ ọn, ó di 50. Nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín 48 àti 15 láìṣẹ́kù ni 3. Èyí tó lè pín 50 àti 15 ni 5. 3 lọ́nà 5 ni 15. Ó parí.

Fún 15, bírò ti tó. Àmọ́ nígbà tí nọ́ńbà bá ní ẹyọ 617, irú èyí tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí kọ̀ǹpútà kan láyé báyìí tó lè rí iye ìgbésẹ̀ tó fi ń yí po. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni Shor ti pe kúáńtọ̀mù wọlé, kó bá a wá ìgbésẹ̀ náà. Èyí tó kù jẹ́ irú ìṣirò tí ọ̀gbẹ́ni Euclid, ará Gíríìkì àtijọ́, ti mọ̀ tipẹ́. Ní ọdún 2001, àwọn òṣìṣẹ́ IBM fi kúbíìtì 7 ṣe ti 15 gan-an tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí.

Ní ọdún 2019, Craig Gidney àti Martin Ekerå ṣírò pé ẹni tó bá fẹ́ já kọ́kọ́rọ́ RSA oníbíìtì 2048, ìyẹn irú nọ́ńbà ẹyọ 617 tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn, yóò nílò kúbíìtì mílíọ̀nù 20, yóò sì fi wákàtí mẹ́jọ ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Gidney tún un ṣírò: kò tó mílíọ̀nù kan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò náà gùn sí i, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Irú ẹ̀rọ kan náà ló fi sọ́kàn nígbà méjèèjì. Ohun tó yí padà ni ìṣirò: àwọn ènìyàn rí ọ̀nà tuntun láti fi modular arithmetic ṣe é láìlo kúbíìtì púpọ̀, wọ́n sì tún rí kóòdù tó sàn jù fún títún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe. Iye tó ti já wálẹ̀ ní ìlọ́po ogún yìí, orí bébà ló ti já. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni onímọ̀ ìṣirò ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà tí kò fojú rí, ohun tí màá fi hàn án nìyẹn.

Àwọn kọ́kọ́rọ́ tuntun

Kò tíì sí ẹ̀rọ tó ní mílíọ̀nù kúbíìtì. Ti IBM tó ń jẹ́ Condor, tí wọ́n gbé jáde ní ìparí ọdún 2023, ní 1,121. Kí ló wá dé tí gbogbo ayé fi ń sáré? Nítorí pé ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ àṣírí gbé lónìí lè tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá dé, kó tó wá ṣí i. Ọ̀rọ̀ tí o bá bánkì rẹ sọ lánàá lè má wúlò fún olè mọ́ ní ọdún 2035, ṣùgbọ́n NIN rẹ, BVN rẹ, ìka ọwọ́ rẹ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ìwé àìsàn rẹ ní ilé ìwòsàn, kò sí èyí tó máa yí padà nínú wọn.

Ìdí nìyẹn tí NIST, àjọ tó ń fi ìlànà ìwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi pe àwọn onímọ̀ ìṣirò jákèjádò ayé ní ọdún 2016 pé kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ tuntun wá. Àbá 69 ló wọlé sí ìpele kìíní. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí mẹ́ta. Méjì nínú wọn, ML-KEM àti ML-DSA, dúró lórí ohun tí onímọ̀ ìṣirò ń pè ní lattice. Ẹ wo oko iṣu tí wọ́n kọ ebè sí ní poro-poro, gbogbo ebè ń tẹ̀ lé ara wọn déédéé títí dé etí igbó. Bí o bá dúró níbì kan nínú oko náà, ojú lásán ni o fi máa rí ebè tó súnmọ́ ọ jù. Nísinsìnyí, jẹ́ kí oko náà má jẹ́ gígùn àti ìbú nìkan, kí ó ní ọ̀nà ìhà 500, kí poro rẹ̀ sì dagun. Wíwá ebè tó súnmọ́ ọ á wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọ̀nà àbùjá sí, ìbáà lo kúáńtọ̀mù.

"Ẹnikẹ́ni kò tíì rí" ni mo sọ o. Kò sí ẹni tó ti fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé kò ṣeé rí. Àǹfààní tó wà fún olùwádìí wà nínú gbólóhùn yẹn, nítorí àwọn tí ó jọ pé wọ́n lágbára ti já lójú wa. Ọ̀kan nínú àwọn àbá náà, Rainbow, ti dé ìpele kẹta nínú ìdíje náà nígbà tí Ward Beullens fi laptop lásán já a láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, NIST mú àbá mìíràn tó ń jẹ́ SIKE lọ sí ìpele kẹrin. Kí oṣù náà tó parí, Wouter Castryck àti Thomas Decru ti Yunifásítì Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù ti tú u: kọ̀ǹpútà kan, nǹkan bíi wákàtí kan. Ohun tí wọ́n fi tú u ni tíọ́rẹ́mù kan tí Ernst Kani ti kọ ní ọdún 1997, nígbà tí kò sí ẹni tó ń ro kúáńtọ̀mù mọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ apá ìṣirò kan tí àwọn yòókù kò kà sí lè jẹ́ ẹni tí yóò já èyí tó ń bọ̀, tàbí ẹni tí yóò sọ ìdí tí kò fi ní já.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí NIST gbé jáde fún àyẹ̀wò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 sọ pé kí wọ́n pa RSA tì pátápátá kó tó kọjá ọdún 2035. Áàpù Signal ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní 2023, Apple yí ti iMessage ní 2024. Àwọn bánkì àti ilé iṣẹ́ ìjọba tiwa náà máa ní láti yí tiwọn, wọ́n á sì nílò ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé.

Àṣìṣe, àti àwọn ìbéèrè tó ṣì ṣófo

Wàhálà tó ga jù lára ẹ̀rọ yìí ni àṣìṣe. Ooru díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, kúbíìtì á ti dàrú. Kọ̀ǹpútà ti tẹ́lẹ̀ lè ṣe ẹ̀dà bíìtì kan sí mẹ́ta, bí ọ̀kan bá bàjẹ́ kó gba ti àwọn méjì yòókù gbọ́. Kúbíìtì kò gbà bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1982 ni wọ́n ti fi ìṣirò hàn pé kò sí bí a ṣe lè ṣe ẹ̀dà kúbíìtì tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti fẹ́ sọ gbogbo ènìyàn di aláìnírètí kí Shor tó tún dé ní ọdún 1995 pẹ̀lú kóòdù tó tan kúbíìtì kan ká inú mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ yìí ti di ti àwọn tó mọ àwọn ẹ̀ka ìṣirò bíi group theory, graph theory àti topology. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Google fi ẹ̀rọ Willow tó ní kúbíìtì 105 hàn pé bí wọ́n bá mú kóòdù náà tóbi láti 3 lọ́nà 3 sí 5 lọ́nà 5 sí 7 lọ́nà 7, àṣìṣe ń dín kù sí bí ìdajì nígbà kọ̀ọ̀kan. Kóòdù yẹn gba kúbíìtì púpọ̀ jù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń wá èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ báyìí. Àwọn ará Rọ́ṣíà méjì, Panteleev àti Kalachev, fi hàn ní ọdún 2021 pé irú rẹ̀ wà. Bí a ṣe máa tò ó sórí ẹ̀rọ gidi ni ìjà tó ń lọ.

Ìròyìn ọmọdé kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ewin Tang jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Texas nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ní kó fi ẹ̀rí hàn pé iṣẹ́ kan wà tí kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù lè yára ṣe, tí kọ̀ǹpútà lásán kò lè bá a dọ́gba. Ó wá ẹ̀rí náà tì. Ní ọdún 2018, ní ọmọ ọdún 18, ó fi hàn pé kọ̀ǹpútà lásán lè ṣe é, ó kàn nílò kí a fi ọgbọ́n ṣà nínú dátà náà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ti àlọ́ àwọn ọ̀gágun 36 tí onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler pa láyé àtijọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́fà, oyè mẹ́fà, ọ̀gágun kan fún oyè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ǹjẹ́ o lè tò wọ́n sí ìlà mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, tí oyè kan tàbí ẹgbẹ́ kan kò ní hàn lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan, ní ìbú tàbí ní òòró? Euler rò pé kò ṣeé ṣe, Gaston Tarry sì fi ẹ̀rí hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún pé lóòótọ́ ni. Àwọn onímọ̀ láti Íńdíà àti Póláńdì wá bèèrè pé bí àwọn ọ̀gágun náà bá jẹ́ ti kúáńtọ̀mù ńkọ́? Ní ọdún 2021, wọ́n rí ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó ṣeé ṣe, ó sì wúlò fún kóòdù tó ń tún àṣìṣe ṣe.

Mẹ́fà yìí tún ń yọ wọ́n lẹ́nu níbòmíràn. Àwọn ọ̀nà kan wà láti fi yẹ ohun kúáńtọ̀mù wò, tó jẹ́ pé bí o bá mọ èsì ọ̀kan dájú, kò sọ ohunkóhun fún ọ nípa èsì èkejì. Bí ohun náà bá ní ìhà 2, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3. Bí ó bá jẹ́ 3, wọ́n jẹ́ 4. Fún 4, 5. Fún 5, 6. Fún 7, 8. Nígbà tó bá kan 6, mẹ́ta péré ni ẹ̀dá tíì rí, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀kẹrin kò sí. Ọmọ ọdún kejì ní yunifásítì tó mọ linear algebra dáadáa lè lóye ìbéèrè náà láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Nílé

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Lọ́kọ́ja láti ọdún 2011, ti ìpínlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Kàbà. Lójú ọ̀nà tó ti Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá, ní Sheda ní Kwali, National Mathematical Centre tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀ láìyẹjú wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, AIMS, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò ti ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2003, tó sì ti dé Gánà, Sẹ̀nẹ̀gàl, Kamẹrúùnù àti Rùwáńdà, ń fún àwọn tó bá yege ní ẹ̀kọ́ Masters lọ́fẹ̀ẹ́. ICTP, ilé ìwádìí físíìsì àti ìṣirò ní Trieste, ní Ítálì, ní ètò Diploma ọlọ́dún kan tí wọ́n ń san owó gbogbo rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa.

Lójú tèmi, ilẹ̀kùn tó ń tì mọ́ wọn kò sí ní yunifásítì. Inú ilé ẹ̀kọ́ girama ló wà. Inú Further Mathematics ni mátíríìsì, vector àti linear transformation ti ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lágbègbè wa kò ní olùkọ́ rẹ̀, àwọn òbí mìíràn a sì tún sọ fún ọmọ pé kó fi í sílẹ̀ kí ó má bàa ba WAEC rẹ̀ jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó ń rà aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún lè san owó oṣù olùkọ́ Further Maths kan. Mo mọ̀ pé ẹnu á kùn mí.

Ẹni tó ti wà ní yunifásítì kò nílò láti dúró de kúrọ́sì tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní quantum. Linear algebra ni kó kọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára, kó sì mú probability àti group theory tẹ̀ lé e. John Preskill ti Yunifásítì Caltech ní Amẹ́ríkà ti gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí kúáńtọ̀mù sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Orí arXiv, ìkànnì tí àwọn onímọ̀ ń kó pépà wọn sí, tó ti wà láti 1991, ni púpọ̀ nínú àwọn pépà tí mo mẹ́nu bà wà láìgba kọ́bọ̀, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í gba dátà tó fídíò ìgbéyàwó kan lórí WhatsApp. IBM gbé kúbíìtì 5 sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé ní 2016. Títí di báyìí wọ́n ń fúnni ní ìṣẹ́jú 10 lóṣù lórí ẹ̀rọ gidi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní kí o san owó ńlá fún sátífíkéètì "quantum" ọlọ́sẹ̀ méjì, gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè fúnni ni ẹni tí yóò sọ pé ibi tí o dé yìí, o ti ṣìnà. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ìṣirò ní Lọ́kọ́ja àti Kàbà máa pàdé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n jọ ka pépà kan ní ìlà dé ìlà, bó tilẹ̀ gba gbogbo sáà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà ní òun nìkan, kó kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ pépà náà. Kó má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, kó má bẹ̀bẹ̀ fún ìrànwọ́ owó. Kó sọ ojú ewé, kó sọ ìlà tí kò yé e, kó sì fi ibi tí òun ṣe é dé hàn wọ́n. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀ rárá, wọ́n sì máa ń fèsì irú ímeèlì bẹ́ẹ̀.